Bátìrì Kan fún Ọkọ̀ Mẹ́fà

Láàárín àwọn ọdún 1970, nígbà tí ológun ń ṣèjọba, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní gáréèjì bọ́ọ̀sì ìjọba kan nítòsí Ìdúmàgbò. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ máa ń bi mí pé kí ló pa àwọn bọ́ọ̀sì náà. Mo wà níbẹ̀, ẹ̀rù rẹ̀ kò sì tíì kúrò lára mi.

Ọkọ̀ mẹ́fà ló wà nílẹ̀, bátìrì kan ṣoṣo ló dára. Bí àwọn ọ̀gá bá ń bọ̀ wá ṣàyẹ̀wò, Bọ̀dá Múfú, àgbà mẹkáníìkì wa, á fi í sítáàtì ọkọ̀ kìíní, á yọ ọ́, á gbé e gba ẹ̀yìn lọ sí èkejì. Àwọn ọ̀gá á gbọ́ tí gbogbo rẹ̀ ń dún, wọ́n á máa lọ. Wọn kò ra nǹkan kan fún wa.

Nígbà tí ìjọba rán ìgbìmọ̀ wá wò ó bóyá àwọn bọ́ọ̀sì náà lè pẹ́, ẹgbẹ́ wa pinnu pé ẹnikẹ́ni kò ní gbé bátìrì láti ọkọ̀ kan sí òmíràn lọ́jọ́ náà, kí wọ́n lè rí òtítọ́.

Bọ̀dá Múfú pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Akọ̀wé, tó o bá sọ fún wọn pé aláìsàn ń kú lọ, ṣé oògùn ni wọ́n máa rà ni, àbí pósí?"

"Bọ̀dá, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a."

"Ọmọ méje ni mo ní n'Íta Fájì. Ṣé òtítọ́ yẹn máa bọ́ wọn?"

Sójà mẹ́rin ló tẹ̀lé ìgbìmọ̀ wọlé. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni àwọn sójà gbé akọ̀wé ẹgbẹ́ ní gáréèjì mìíràn lọ, ìyàwó rẹ̀ kò sì tíì mọ ibi tó wà. Ọkọ̀ kìíní dún. Èkejì kọ̀. Bọ̀dá Múfú yọ bátìrì lára ti kìíní, ó gbé e dání, ó wò mí títí, ó sì gbé e kalẹ̀.

"Who talk say make una no work?" sójà kan bèèrè.

Mo bọ́ síwájú. "Èmi ni, sà. Bátìrì kan ṣoṣo la ní."

Ó fi ìdí ìbọn tì mí láyà. Alága ìgbìmọ̀ ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Ó ti sọ ohun tí a wá gbọ́."

Ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn ló dẹ́rù bà mí jù. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ní àwọn bọ́ọ̀sì náà kò lè pẹ́ mọ́, tí wọ́n ti gáréèjì pa, tí ọkọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń dípẹtà síbẹ̀. Bọ̀dá Múfú lọ ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe l'Ápọ́ngbọ̀n.

A jàre, irọ́ sì dópin. Ṣùgbọ́n àwọn tó ní pósí lọ́wọ́ nìkan la sọ òtítọ́ fún. A kò sọ ọ́ fún àwọn èrò tó ń dúró de ọkọ̀ láràárọ̀. Gbèsè wọn ṣì wà lọ́rùn mi. Bọ̀dá Múfú kò bú mi rí. Bó bá ti rí mi l'Ápọ́ngbọ̀n, á kàn ní, "Akọ̀wé, òtítọ́ ńkọ́?" Bó ṣe ń kí mi nìyẹn títí ó fi kú.