Dókítà Tó Dárúkọ Ikú

Nínú yàrá tí mo ti ń ya síkáànì fún àwọn aboyún ní Òṣogbo, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń bi mí: akọ ni àbí abo? Bí mo bá ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo orí ọmọ, ọkàn rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á ní, "Àǹtí, ẹ ṣáà bá wa wo ìsàlẹ̀." Màá rẹ́rìn-ín, màá máa bá iṣẹ́ mi lọ. Métírọ́ọ̀nù tó kọ́ mi níṣẹ́ ti kìlọ̀ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé, "Ohun tó o bá rí nínú ẹ̀rọ yẹn, má ṣe jẹ́ kí ojú ẹ sọ ọ́ kí ẹnu ẹ tó sọ ọ́." Ìmọ̀ràn yẹn wúlò fún mi títí di ọjọ́ tí Rọ́fíátù wá.

Aránṣọ ni Rọ́fíátù, ní Ìgbónà níbí. Ọmọ Òṣogbo ni, ó fẹ́ Dépọ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ń ṣe olùkọ́ ní Ẹ̀sà-Òkè. Ó pẹ́ kí oyún yẹn tó dé. Mo gbé ẹ̀rọ lé e níkùn, mo sì rí ìfun ọmọ tó ń léfòó nínú omi, níta ikùn rẹ̀. Ikùn ọmọ náà kò pa dé.

"Àǹtí, ẹ ti dákẹ́," ni Rọ́fíátù wí. Ojú mi ti sọ ọ́.

Mo ṣàlàyé fún tọkọtaya náà pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè yè, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní kété tí wọ́n bá bí i, kì í sì í ṣe ọwọ́ gbogbo dókítà ló mọ̀ ọ́n. Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹni tó bá ti di ọ̀bẹ mú ti tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Dókítà lè mọ ìpá àgbàlagbà gé dáadáa, kó má mọ ohun tó yẹ kó ṣe sí ọmọ tí gbogbo ikùn rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Mo júwe obìnrin kan fún wọn ní ilé ìwòsàn ńlá kan nílùú mìíràn, tó jẹ́ pé àwọn ọmọ tuntun nìkan ló ń ṣiṣẹ́ abẹ fún. Rọ́fíátù bẹ̀ mí, mo tẹ̀ lé wọn lọ.

Obìnrin náà kò tíì dàgbà púpọ̀, kì í sì í ṣe ará agbègbè wa. Ó fi sùúrù bá wa sọ̀rọ̀. Ó ní, "A kì í ki ìfun yẹn bọ inú lẹ́ẹ̀kan náà. Ikùn ọmọ ti kéré jù fún un. Tá a bá fipá kì í, ọmọ ò ní lè mí. Inú àpò kan la máa kó o sí, a máa so ó rọ̀ sókè, á máa wọlé díẹ̀díẹ̀."

Rọ́fíátù bi í pé, "Ṣé irú ẹ̀ ti yè lọ́wọ́ yín rí, Mà?"

"Ọ̀pọ̀ ti yè. Àwọn kan kú. Mi ò ní purọ́ fún yín."

Nígbà tá à ń padà bọ̀, Rọ́fíátù fọwọ́ kàn mí. "Àǹtí, ẹni yẹn ni mo fẹ́. Kò tàn mí."

Ọ̀rọ̀ yẹn ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Dépọ̀ ní bàbá, bàbá náà sì ní ẹbí. Àgbẹ̀ oníkòkó ni wọ́n, ní abúlé kan lẹ́yìn Iléṣà. Wọ́n pe ìpàdé, Dépọ̀ sì ní kí n wá bá òun ṣàlàyé. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni Rọ́fíátù jókòó sí, pẹ̀lú ikùn rẹ̀.

Bàbá Dépọ̀ gbọ́ mi tán. Wọ́n ní, "Dókítà yẹn fẹnu ara ẹ̀ sọ pé ọmọ ti kú lọ́wọ́ òun?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Òótọ́ ló sọ."

"Aboyún ló sì sọ ọ́ fún?"

Ìyá àgbà kan ní, "Olúwa má jẹ̀ẹ́ o!" Gbogbo pálọ̀ bá a ṣe àmín.

Bàbá ní, "Ẹni tó ti dárúkọ ikú kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ la fẹ́ gbé ọmọ fún? Kọ́lá ńkọ́? Ọmọ ulé ria ni. Èèyàn laṣọ. A ní tiwa, a wá ń wá àjèjì kiri."

Ọmọ ilé wọn ni Dókítà Kọ́lá lóòótọ́. Kòkó abúlé yẹn ni wọ́n tà tí wọ́n fi rán an lọ sí yunifásítì, ó sì ti ní ilé ìwòsàn tirẹ̀ ní Iléṣà. Bàbá ní, "Òun ló gé ìpá mi. Kò pẹ́ rárá tí mo fi padà sóko."

"Bàbá, ìpá yàtọ̀ sí èyí."

"Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. A ti gbọ́."

Kò sẹ́ni tó bi Rọ́fíátù léèrè.

Mo pe Dókítà Kọ́lá lórí fóònù. Mo ní, "Dókítà, ṣé ẹ ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí?"

Ó ní, "Mo ti kà nípa ẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún Bàbá pé ẹ ò ṣe é rí."

"Nọ́ọ̀sì, kòkó wọn ni mo fi kàwé. Tí mo bá ní mi ò lè ṣe é, wọ́n á ní mo ti gbàgbé ilé."

Rọ́fíátù bí ọmọkùnrin ní Iléṣà. Dókítà Kọ́lá ki gbogbo ìfun náà bọ inú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì rán an. Wọ́n ní ojú abẹ náà mọ́, ó dára ní wíwò. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ọmọ náà kò lè mí mọ́.

Nígbà tí mo lọ kí wọn, Bàbá ní, "Àmúwá Ọlọ́run ni." Àwọn tó wà níbẹ̀ mi orí. Èmi ò mi tèmi. Inú bí mi gan-an, ó sì ń bí mi títí dòní. Ọlọ́run kọ́ ló yan dókítà.

Rọ́fíátù fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Àǹtí, mo sọ fún yín pé obìnrin yẹn ni mo fẹ́, àbí mi ò sọ?"

"O sọ ọ́."

"Ẹ̀yin nìkan lẹ gbọ́."

Láti ìgbà náà, òbí tí mo bá sọ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ fún, mo máa ń sọ fún un pé kó bi dókítà léèrè bóyá ó ti ṣe irú rẹ̀ rí, kó sì má sá fún ẹni tó bá sọ̀rọ̀ àwọn tó kú fún un. Ẹni tí kò ṣe é rí ni kò rí òkú rí. Àwọn kan ń gbọ́. Àwọn mìíràn ṣì ń lọ pe ìpàdé ẹbí.

Lọ́dún tó kọjá, Dókítà Kọ́lá pè mí. Ọmọbìnrin rẹ̀ lóyún, wọ́n sì rí i pé ìfun ọmọ wà níta.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní nọ́ńbà dókítà obìnrin yẹn."

Mo bi í pé, "Àwọn àgbà ilé ńkọ́? Kí ni wọ́n wí?"

"Mi ò tíì sọ fún wọn."

Mo fún un ní nọ́ńbà náà, nítorí pé ọmọ inú kò ṣẹ̀ mí. Wọ́n gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ obìnrin náà, ìfun rẹ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀. Ó ti ń rákò báyìí. Rọ́fíátù ṣì ń ránṣọ fún mi ní Ìgbónà, kò sì tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ yìí lẹ́nu mi. Mi ò mọ ẹnu tí mo máa fi sọ ọ́ fún un.