Ṣèyítán àti Àpótí Aṣọ Ìyá Rẹ̀

Ojú ara mi ni mo fi rí Ṣèyítán, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó wọ ìbọ̀wọ́ funfun lọ ra ẹja ní ọjà Rumuomasi. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ẹrẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀, òun sì dúró níwájú ẹlẹ́ja nínú gáùn tó fún mọ́ ọn níbàdí tó sì fẹ̀ rẹ̀gẹ̀jìgẹ̀ nísàlẹ̀. Fìlà kékeré kan tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ funfun wà lọ́rùn. Ẹlẹ́ja wò ó látòkè délẹ̀, ó ní, "Aunty, na which year you from come?" Gbogbo àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Ṣèyítán náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ ọ̀tún, ó fi ìka tẹ ẹja wò, ó tún ìbọ̀wọ́ wọ̀. Ẹni ogójì ọdún ni o, kì í ṣe ọmọdé. Mo gba ẹ̀yìn oníṣu kọjá kó má baà kí mi.

Kí ẹ tó ní ìlara ló ń ṣe mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí wèrè yìí ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ aṣọ́bodè ló gbé Adébíyìí ẹ̀gbọ́n mi wá sí Port Harcourt láti Ìjẹ̀bú, èbúté Onne ló sì ti parí rẹ̀. Níbí ló ti fẹ́ Ibinabo, ọmọ Kalabari, tó ń tẹ̀wé ní kílọ́ọ̀bù àwọn ọlọ́lá kan ní Old GRA. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí. Nígbà tí Adébíyìí kú lọ́dún 1999, tí a ń tú ẹrù rẹ̀, Ṣèyítán rí fọ́tò ìyá rẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọge, níwájú kílọ́ọ̀bù yẹn: gáùn, ìbọ̀wọ́, fìlà, ojú bí ẹni tó ni ìlú. Àwa ń sunkún bàbá, ọmọ ń wo gáùn. Láti ọjọ́ náà ni kò ti wọ ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wọ̀ mọ́. Òkìríkà tí gbogbo Nàìjíríà ń wọ̀, ìlú tó ni orúkọ náà kò jìnnà sí wa. Gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, ó ti wà níbi tí wọ́n ti ń tú bélì aṣọ, ó ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wá aṣọ àwọn ìyá àgbà òyìnbó tó ti kú.

Lọ́dún 2020 ni ọ̀ràn wá burú sí i. Ilé iṣẹ́ tó ń bá ṣe ìwé ẹrù ní Onne dá a dúró, ìjọba ní ká jókòó sílé, ni Ṣèyítán bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kéèkì. Kò ní ófùnù. Ìkòkò irin ńlá kan ló ní. Ó da iyanrìn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó gbé e ka sítóòfù, ó gbé agolo kéèkì lé iyanrìn náà, ó dé e, ó sì kó ẹyín iná lé ọmọrí. Tó bá ti jinná, á lọ pààrọ̀ aṣọ, á kun ètè, á dúró pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́, á ya ara rẹ̀ ní fọ́tò, á sì fi sórí fóònù fún gbogbo ayé. Ó máa ń kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ rọra jẹ ayé, kì í ṣe ẹ̀bà, ẹ má gbé e mì." Àwọn ará Èkó àti London á máa yìn ín. Wọn ò rí ìkòkò iyanrìn. Wọn ò rí gọ́tà tó wà lẹ́yìn fèrèsé. Wọn ò mọ̀ pé erúku dúdú tí ń bọ́ lójú ọ̀run ìlú yìí ti ba ìbọ̀wọ́ yẹn jẹ́ kó tó kí ẹnì kan, àti pé alaalẹ́ ló ń fọ̀ ọ́.

Mo ń jẹ kéèkì yẹn o, mi ò ní parọ́. Inú ọgbà kan náà la ń gbé, òun àti ìyá rẹ̀ níwájú, èmi lẹ́yìn. Nírọ̀lẹ́ á gbé e wá fún mi pẹ̀lú tíì, á kúnlẹ̀ nínú gáùn rẹ̀gẹ̀jìgẹ̀ náà, á ní, "Àǹtí Hannah, ẹ má yára. Ẹ jẹ́ kó yọ́ lẹ́nu yín." Èmi á ní, "Ṣé mi ò léyín ni?" Kéèkì náà dùn dáadáa. Ìyẹn ò sọ pé kí n má bú u.

Irú ìrọ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀ kan lọ́dún 2021 ló bi mí ní ìbéèrè. Àpótí irin kan wà nídìí ibùsùn ìyá rẹ̀, ó kún fún aṣọ àtijọ́: jọ́ọ̀jì, àrán, àwọn aṣọ tí a kì í rí mọ́ lọ́jà. Òkìríkà ti sú u, ó fẹ́ rán gáùn tó jẹ́ ti ilé wọn.

"Àǹtí, aṣọ inú àpótí Mummy, ṣé mo lè rán nínú ẹ̀?"

Kéèkì wà lẹ́nu mi. Mo ní, "Ta ló ni aṣọ ìyá bí kò ṣe ọmọ rẹ̀ obìnrin? Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é nílé wa. Má fi ìbéèrè dà mí láàmú."

Ó tún lọ bi ìyá rẹ̀, ìyẹn rẹ́rìn-ín, ó ní kó mú u. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn kan náà, Ibinabo bi mí bóyá Adébíyìí ti ti Onne dé, ọkọ tó ti kú láti ọdún méjìlélógún. Ọpọlọ rẹ̀ ti ń lọ.

Augustine, télọ̀ tó wà lójú pópó, ló gé aṣọ náà. Gáùn mẹ́ta ló rán. Ṣèyítán wọ̀ wọ́n, ó ya fọ́tò, àwọn ará London fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Mo ní ó dà bí ibùsùn tó ń rìn. Nígbà tó kù díẹ̀ kí n pé ọdún márùndínláàádọ́rin, ó fi èyí tó ṣẹ́ kù lára jọ́ọ̀jì pupa rán fìlà kékeré kan fún mi. Mo ní kí ni kí n fi ṣe. Ní Sọ́ńdè mo dé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa sì ń yí mi po. Ẹnu tí ìgbín fi bú òrìṣà ní í fi í lọlẹ̀ lọ bá a. Mi ò bú fìlà yẹn rí.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Ibinabo kú. Boma, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ti Buguma, ìlú wọn, wá gbé àpótí.

Ohun tí mi ò mọ̀ rèé, èmi tí mo ti bá wọn gbé ní ogójì ọdún tí mi ò béèrè rí. Bí àgbà obìnrin bá kú láàárín àwọn Kalabari wọ̀nyí, wọn kì í tẹ́ ẹ sórí ibùsùn lásán. Aṣọ ilé ni wọ́n fi ń ṣe ibùsùn náà lọ́ṣọ̀ọ́, aṣọ tí ìyá àti ìyá ìyá wọn ti kó jọ, kí gbogbo ẹni tó bá wọlé lè mọ̀ pé ẹni tó sùn síbẹ̀ ní ìdílé. Ẹni tí àpótí wà lọ́wọ́ rẹ̀ kọ́ ló ni aṣọ. Gbogbo ilé ló ni ín, olùtọ́jú lásán ni Ibinabo.

Boma ṣí àpótí, òórùn káńfọ̀ gba yàrá. Ó ń yọ aṣọ, ó ń dárúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín. Ó dé ibì kan, ọwọ́ rẹ̀ ń wá ohun tí kò sí níbẹ̀. Ṣèyítán fúnra rẹ̀ lọ mú gáùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá, ó tẹ́ wọn síwájú rẹ̀. Boma ki ọwọ́ bọ inú ọ̀kan bí ẹni tó ń ki ọwọ́ bọ inú ewúrẹ́ tí wọ́n ti pa.

"Who tell you say this cloth na your own?"

Ṣèyítán wo ilẹ̀. Kò wò mí. Mo mọ̀ pé kò wò mí, torí mo ń retí rẹ̀. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, orí ọmọ wọ́, mo wá ń ṣe bí ẹni tó ń wá ìlẹ̀kùn.

Boma ní, "If this cloth no dey, your mama no go lie for bed. We go just bury am, like person wey no get people."

Ìgbà yẹn ni mo rí Ṣèyítán tó sunkún. Ó ní, "I go loose am, Aunty. Everything. Abeg, make una lay am."

Ó tẹ̀ lé wọn lọ sí Buguma. Ọjọ́ méjì ló fi jókòó sílẹ̀ tó ń fi bíléèdì tú fọ́nrán òwú kọ̀ọ̀kan, kò kun ètè, kò ya fọ́tò. Èmi dúró sí Port Harcourt, mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa ṣe ibùsùn ni mo débẹ̀. Mo wọ ohun tó dára jù tí mo ní. Boma àti àwọn obìnrin ilé ń ká aṣọ ní ìpele-ìpele, wọ́n ń yí etí tí wọ́n gé sí inú kó má hàn. Ihò abẹ́rẹ́ pọ̀ lára aṣọ náà. Ó wá ku jọ́ọ̀jì pupa, aṣọ ìyá wọn gan-an, tó yẹ kó wà níbi orí. Kò tó. Ó kù díẹ̀ kó dé etí ibùsùn.

Boma béèrè lọ́wọ́ Ṣèyítán, "Where the remain?"

"E don finish, Aunty."

Irọ́ ni, nítorí mi ló sì ṣe pa á. Boma gbójú sókè láti mí èémí, ojú rẹ̀ sì bà sórí mi. Gbogbo yàrá wo orí mi.

Mo ṣí fìlà jọ́ọ̀jì pupa náà. Irun mi ti funfun, mi ò sì dì í, torí mo mọ̀ pé fìlà á bò ó. Mo ní, "Na me tell am say the cloth na e own. Na me."

Boma gba bíléèdì lọ́wọ́ Ṣèyítán, ó fi lé mi lọ́wọ́. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, èmi tí mo ń sá gba ẹ̀yìn oníṣu, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú fìlà mi níwájú gbogbo ènìyàn. Mo fẹ́ kó tètè tán. Ṣèyítán kúnlẹ̀ tì mí, ó di etí aṣọ náà mú fún mi.

"Àǹtí, ẹ má yára," ó ní. "Tẹ́ ẹ bá yára, á ya."