Àwo Kejì Wà ní Pọ̀bẹ́

Ọ̀dọ̀ bàbá mi ni mo ti kó ìfẹ́ orin jáàsì àti búlúùsì. Awakọ̀ ni wọ́n nílé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì kan tí kò jìnnà sí Ìlaròó, ẹnjiníà òyìnbó kan ni wọ́n sì máa ń gbé kiri. Nígbà tí òyìnbó náà ń múra àtipadà sílùú rẹ̀, ó ta ẹrù rẹ̀. Bàbá mi ra àpótí onígi kan níbẹ̀, nítorí pé wọ́n ń wá ohun tí wọn yóò máa kó ìwé ilẹ̀ sí. Ìgbà tí wọ́n ṣí i nílé ni wọ́n rí i pé àwo orin ló kún inú rẹ̀. Wọ́n gbé e padà lọ lọ́jọ́ kejì. Òyìnbó náà ní òun mọ̀ pé àwọn àwo náà wà níbẹ̀, ó tún gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ wọn kún un.

Àwọn ẹ̀gbọ́n mi kò fẹ́ràn orin náà. Wọ́n ní kò níbi tí èèyàn lè jó sí. Èmi nìkan ni mo máa ń jókòó ti bàbá mi lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Nígbà tí bàbá mi kú, tí a pín ilé àti ilẹ̀, àpótí yẹn ni mo ní kí wọ́n fún mi, kò sì sẹ́ni tó bá mi dù ú.

Mo di olùkọ́ kẹ́mísìrì nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìlaròó, mo lọ́kọ, mo sì ń ra àwo kún èyí tí mo jogún. Pọ̀bẹ́, ní òdìkejì bodè, ni mo ti ń rà á. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀, nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin àtijọ́, tó ń ta ẹrù tí wọ́n ti lò láti ilẹ̀ Faransé: ìkòkò, àga, kẹ̀kẹ́, aago ara ògiri. Àwo orin máa ń bá wọn wọlé, òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ ohun tó wà lórí wọn. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti gba ìsinmi, mo máa wọ mọ́tò dé Ẹ̀gùá, mo máa gun ọ̀kadà láti ibẹ̀. Yorùbá kan náà ni wọ́n fi ń kí mi lọ́nà, àfi pé bí mo ti ń súnmọ́ Pọ̀bẹ́ ni Faransé máa ń wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Nínú ìsinmi kan, mo rí àwo méjì tó wà nínú páálí kan ṣoṣo. Olórin mẹ́rin ni wọ́n: ẹni kan ń fọn sakisofóònù, ẹni kan ń tẹ dùùrù, ẹni kan ń ta béèsì, ẹni kẹrin ń lùlù. Níwájú èrò ni wọ́n ti ṣe eré náà. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń wá a. Mo gbé e sáyà padà sílé bí ọmọ tuntun.

Nígbà tí mo fẹ́ yí sí àwo kejì ni mo rí i pé àwo kìíní méjì ni wọ́n fún mi. Èyí ìbá tún rọrùn díẹ̀ ká ní orin tó gbẹ̀yìn àwo kìíní parí síbẹ̀. Kò parí. Sakisofóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè ni àwo tán, ìyókù sì wà lójú kẹta, lórí àwo kejì.

Mo pe oníṣòwò náà. Ó kígbe lórí fóònù.

“Áà, Àǹtí! Ẹ máà bínú. Méjì irú ẹ̀ ló dé. Èmi ni mo yọ wọ́n síta láti nù wọ́n, n kò mọ̀ pé n ò dá wọn padà bó ṣe yẹ. Bàbá kan níbí ló ra ìkejì. Ó dájú pé àwo kejì méjì ló wà lọ́wọ́ tiwọn.”

Ó fún mi ní nọ́ńbà bàbá náà. Èmi àti oníṣòwò náà fàdéhùn sí ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ láti ṣe pààrọ̀ náà. Kí Sátidé náà tó pé, ìjọba ti bodè pa.

A kọ́kọ́ rò pé ọ̀sẹ̀ kan ni, lẹ́yìn náà a rò pé oṣù kan. Àwọn sójà àti aṣọ́bodè kún ojú ọ̀nà. Ọkọ mi, tó ń fi bọ́ọ̀sì kó èrò lọ sí Ìdírókò, gbé mọ́tò rẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò níwájú ilé, ó fi tapólì bò ó. Wọ́n ní kí ilé epo tó wà nítòsí bodè má ṣe gba epo mọ́, nítorí náà jẹnẹrétọ̀ wa dákẹ́. Ìgbà tí iná ìjọba bá dé nìkan ni mo ń gbọ́ àwo. Ìgbà mìíràn mo máa wà lẹ́nu ìyàrá ìdáná, bí iná bá dé báyìí, mo máa fi ọbẹ̀ sílẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú kan ni mo kọ́kọ́ pe bàbá náà. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin títí tí wọ́n fi fẹ̀yìntì, ìyàwó wọn ti ṣaláìsí, wọ́n sì ń dá gbé.

“Bọ́ǹsùwáà, Màdáàmù Tíṣà,” ni wọ́n wí. “Ẹ̀yin lẹ gbé orí ẹran lọ, ẹ wá fi ìrù sílẹ̀ fún mi.”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbé fóònù sẹ́nu ẹ̀rọ kí wọ́n lè gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ orin náà.

“Rárá o,” ni wọ́n dáhùn kíákíá. “Bí kòkòrò inú agolo ló máa rí. Bí etí mi bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ báyẹn, báyẹn ló máa mọ̀ ọ́n. Ẹ sọ ọ́ fún mi lẹ́nu. Ẹ sọ bó ṣe ń lọ.”

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, èmi á sọ díẹ̀ nínú àwo kìíní, àwọn náà á sọ díẹ̀ nínú àwo kejì. Kò rọrùn fún mi lákọ̀ọ́kọ́. Mo ní sakisofóònù náà dùn, wọ́n ní dídùn kì í ṣe ọ̀rọ̀, kí n sọ ohun tó ń ṣe. Mo padà lọ gbọ́ ọ. Lọ́sẹ̀ kejì mo sọ fún wọn pé ó dà bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì, tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, tí kò sì kánjú. Wọ́n ní, “Mo ti rí i.”

Tiwọn máa ń jẹ́ ti ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n sọ fún mi pé lójú kẹta, àwọn tó kù dákẹ́, béèsì nìkan ló ń rìn lọ, ó ń rìn lọ, bí ẹni tó ń yẹ ojú irin wò láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó dé, tó ń fi òòlù kan irin wò. “Ó ń pẹ́ gan-an níbẹ̀,” ni wọ́n wí. “Ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù.”

Nígbà tí oṣù bíi mélòó kan kọjá, ara mi kò gbà á mọ́. Ìyá ọmọ kíláàsì mi kan wà ní Ẹ̀gùá tí oko rẹ̀ wà ní òdìkejì bodè. Àwọn sójà mọ̀ ọ́n, wọ́n ń jẹ́ kó kọjá. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi mú ọ̀kan nínú àwo kìíní dé ọ̀dọ̀ ẹnìkan tí yóò mú un dé Pọ̀bẹ́, kí ó sì gba àwo kejì bọ̀. Ó di àwo náà mọ́ aṣọ, ó gbé e lé orí ẹrù rẹ̀.

Ọjọ́ kejì ló dé ilé mi, ojú rẹ̀ kò dáa.

“Àǹtí Tíṣà, ẹ foríjì mí. Wọ́n ti pààrọ̀ àwọn sójà. Wọ́n ní kí ni èyí, mo ní àwo orin ni. Wọ́n ní ṣé oko lèèyàn ti ń gbọ́ àwo orin? Wọ́n ní ká jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àwa bíi mẹ́fà, títí di ọ̀sán, kí wọ́n tó dá wa padà.”

Oòrùn ti pa àwo náà. Etí rẹ̀ ti ká bí etí ewé kókò. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá náà, mo sì bẹ̀ ẹ́, nítorí pé èmi ni mo fi í sínú wàhálà tí kò kàn án. Nígbà tó lọ tán, mo jókòó, n kò lè ṣe nǹkan kan.

Mo ti gbọ́ rí pé a lè fi gíláàsì méjì àti oòrùn na irú àwo bẹ́ẹ̀. Mo tú gíláàsì ara fọ́tò ìgbéyàwó wa, mo tún gbé fọ́tò bàbá ọkọ mi sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri.

“Ṣé nítorí orin tí kò lọ́rọ̀ lẹ́nu lo ṣe ń bọ́ aṣọ lára bàbá mi?” ni ọkọ mi bi mí. Ṣùgbọ́n òun náà ló bá mi wá bíríkì méjì, tó sì bá mi jókòó sí ẹ̀yìnkùlé láti máa ṣọ́ ọ. A fi àwo sáàárín gíláàsì méjèèjì, a gbé e sóòrùn fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, a gbé e wọ òjìji, a sì fi bíríkì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ó nà, àmọ́ kò nà tán. Abẹ́rẹ́ ń gòkè ń sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀, ohùn sakisofóònù sì ń mì.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún bàbá náà.

“Nítorí náà, àwo kìíní kan ṣoṣo tó dáa ló kù fún àwa méjèèjì.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Ó dáa. Ẹ kú ìnira.”

N kò tún rán ẹnikẹ́ni mọ́. Àrùn tó sé gbogbo ayé mọ́lé tún wá bá bodè ní títì, ó ju ọdún kan lọ kí wọ́n tó ṣí i. Láàárín àkókò yẹn, a sọ àwo méjèèjì fún ara wa tán, a tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo padà lọ sí Pọ̀bẹ́, bàbá náà ti gbé àga síta. Wọ́n ga, wọ́n tín-ín-rín, wọ́n sì wọ bàtà tí wọ́n ti kùn dáadáa. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, a wọlé. Mo kó àwo kìíní méjèèjì jáde, èyí tó tọ́ àti èyí tó ká, mo tẹ́ wọn sórí tábìlì. Mo ti pinnu lórí ọ̀kadà pé wọ́n máa mú èyí tó bá wù wọ́n, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé èmi ni mo ba ìkejì jẹ́. Síbẹ̀, inú mi ń sọ pé wọ́n á ní kí n mú èyí tó dáa.

Wọ́n gbé méjèèjì sójú ìmọ́lẹ̀, wọ́n mú èyí tó tọ́, wọ́n ní, “Mo dúpẹ́, ọmọ mi.” Wọn ò bẹ̀ mí, wọn ò sì ṣàlàyé. Ó dùn mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó tọ́ ni.

A gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ojú kìíní dé ojú kẹrin lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Nígbà tí sakisofóònù gòkè tí àwo tán, wọ́n dìde, wọ́n fi àwo kejì sí i, orin náà sì bá ara rẹ̀ pàdé. Mo di ọwọ́ àga mú. Mo ń retí béèsì tó ń rìn lọ. Ó dé lóòótọ́, ó rìn, ṣùgbọ́n kí n tó mí tán, dùùrù ti gbà á.

“Bàbá, ẹ ní ó ń pẹ́.”

Wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ká mọ́.

“Mo máa ń gbé abẹ́rẹ́ padà síbẹ̀ ni. Nígbà mìíràn lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Mo ti ń ṣe é tó bẹ́ẹ̀ tí n kò rántí mọ́ pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ṣe é.”

Wọ́n dìde, wọ́n gbé e padà síbẹ̀ fún mi.

Mo mú àwo kejì mi bọ̀ wálé, pẹ̀lú àwo kìíní tó ń mì. Oníṣòwò náà ti pè mí lẹ́ẹ̀kan pé irú rẹ̀ tún dé. Mo ní kó tà á fún ẹlòmíràn. Ọkọ mi ti padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Èmi àti bàbá Pọ̀bẹ́ ṣì ń pe ara wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ti orin mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní orúnkún ń dun àwọn, wọ́n sì bi mí bóyá òjò ti rọ̀ ní Ìlaròó. Mo ní ó ti rọ̀.