Kọ́lájọ Tó Fi Ọkọ̀ Mẹ́fà Tún Kọ̀ǹpútà Ṣe

Ọjọ́ tí olóògbé Kọ́lájọ so ọkọ̀ mẹ́fà pọ̀ létí omi Ugbonla nítorí kọ̀ǹpútà ilé ìwé, Àrìnpé, ìyàwó rẹ̀, rò pé orí ọkọ òun ti dàrú ni.

Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Orúkọ ọmọ mọ́kànlélógójì tí yóò ṣe ìdánwò wà nínú ẹ̀rọ náà, aago mẹ́rin ọjọ́ yẹn ni àwọn orúkọ náà sì gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì ìdánwò ní Igbokoda. Ṣùgbọ́n bí Tíṣà Ọlálẹ́yẹ bá ti ní kí ẹ̀rọ tọ́jú wọn sínú díìsìkì tó ń pa ọ̀rọ̀ mọ́, á kọ díẹ̀, á wá dákẹ́ bí àna tó ń bínú.

Kọ́lájọ fúnra rẹ̀ ló kọ ètò tó ń darí ẹ̀rọ náà. Ta ló tó sọ fún un pé ètò náà ní àléébù? "Díìsìkì ni kò gbọ́ràn!" ló ń wí. Nígbà tó fi díìsìkì mìíràn sí i, tí ìyẹn náà dákẹ́, ó ní àwọn méjèèjì ti gbìmọ̀ pọ̀ ni.

"Tíṣà, wò ó," ó wí létí omi. "Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí o bá rán sí díìsìkì, ọkọ̀ kan ni. Wọ́n á tò, èyí á di èyí mú. Ti iwájú nìkan ni ẹ̀rọ ń rí. Okùn ló fi ń mọ àwọn tó kù. Bí ti àárín bá parí, a ó yọ ọ́. Báyìí!"

Ó tú ọkọ̀ kẹta níwájú, ó tú u lẹ́yìn. Ni mẹ́ta tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bá bá omi lọ. Godwin apẹja, tó ń sùn fọnfọn nínú èyí tó kẹ́yìn, lajú, ó rí i pé Ugbonla ń lọ.

"Ẹ dúró o!" Ìlú ló ń pè.

Àrìnpé pòṣé. "Bàbá Promise! Ta ló ń tú ti àárín kó tó so ti iwájú mọ́ ti ẹ̀yìn? Ọmọ Ìlàjẹ wo lẹ jẹ́ gan-an?"

Kọ́lájọ wo okùn, ó wo Àrìnpé, ló bá sá wọ ilé ìwé tòun ti ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ìlà méjì péré ló yí padà nínú ètò náà: so ná, kó o tó tú. Ẹ̀rọ gba orúkọ mọ́kànlélógójì láìsinmi. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án kí aago mẹ́rin lù nígbà tí òun àti Tíṣà fi ọkọ̀ gbé díìsìkì náà gúnlẹ̀ sí Igbokoda. Ọ̀nà ni wọ́n ti he Godwin.

Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá fẹ́ yà kúrò lórí ìlà èrò ọkọ̀ ní èbúté, Kọ́lájọ á ní kí tiwájú rẹ̀ kọ́kọ́ di tẹ̀yìn rẹ̀ lọ́wọ́ mú. Pásítọ̀ kan yà ra búrẹ́dì. Ìgbà tó dé, ìyàwó rẹ̀ ti di Kingsley awakọ̀ lọ́wọ́ mú. Kò jẹ búrẹ́dì nírìn-àjò mọ́.

Ìtàn ọkọ̀ náà sì ń sanra. Bó ti dé Ode Ugbo, mẹ́fà ti di ogún, Godwin sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Gánà.

"Èmi ńkọ́?" Àrìnpé bi ọkọ rẹ̀. "Níbo ni mo wà nínú ìtàn yìí?"

"O wà nílé, ò ń se ọbẹ̀."

"Ọbẹ̀ wo?"

"Èyí tí mo jẹ tí ọgbọ́n fi dé."

Èṣí ni Kọ́lájọ lọ. Nígbà tí Ọlálẹ́yẹ fẹ́ gbé ètò náà sínú kọ̀ǹpútà tuntun, ó rí ọ̀rọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà méjì yẹn, irú èyí tí ẹ̀rọ kì í kà, ènìyàn nìkan ló wà fún. Ó gbé e lọ ka fún Àrìnpé:

"Àrìnpé ló rí èyí. Ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́ nìkan ni tèmi. Ẹ má sọ fún un lójú ayé mi, kò ní jẹ́ kí n sinmi."

Àrìnpé rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó fi etí ìró nu ojú.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́," ó wí, "ẹ rọra tún un kà."