Ìṣẹ́jú Méjì fún Ẹ̀gbọ́n Màmá Mi

Èmi kò fẹ́ràn ìbọn. Mo fẹ́ sọ èyí ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ yìí lọ bẹ àwọn aṣòfin pé kí wọ́n jẹ́ kí òun gbé ìbọn, mo sì ń fi ọkùnrin náà yangàn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bi ara mi bóyá ènìyàn lè ṣe méjèèjì pọ̀. Mo ti gbà báyìí pé ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n àyà mi ṣì máa ń já díẹ̀ tí mo bá ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ni ọkùnrin náà. Dádì Àgbà ni gbogbo àwa ọmọ ń pè é. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń gbé Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ kan tó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta bàtà òjò àti ìwọ̀ ẹja náà ni wọ́n ti ń ta ìbọn. Ní tiwa, Alibon ni èmi àti màmá mi ń gbé, ní Dagenham, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Bí a bá rí ọlọ́pàá tó gbé ìbọn kọ́rùn níwájú ibùdókọ̀ ojú irin ní Barking, a ó sọ ọ́ nílé lálẹ́, a ó sì máa ro ohun tó lè ti ṣẹlẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wa nìyẹn. Mo ń sọ ọ́ kí ó lè yé ènìyàn pé ẹ̀rù tó ń bà mí kì í ṣe ẹ̀rù ọmọdé.

Ọkọ̀ akẹ́rù ni Dádì Àgbà ń wà láàárín ọ̀sẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, òun ni olùṣọ́ ilẹ̀kùn ní ìjọ Aládùúrà wọn. Ẹni tó bá mọ ìjọ Aládùúrà mọ̀ pé a kì í wọ bàtà wọnú ilé Ọlọ́run. Ẹnu ọ̀nà ni a ń bọ́ ọ sí, ibẹ̀ náà sì ni olùṣọ́ ilẹ̀kùn ń dúró sí pẹ̀lú sùtánà rẹ̀, tí ó ń kí ẹni tó ń wọlé, tí ó ń darí ọmọdé, tí ó ń mójú tó bàtà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, bí ìsìn ṣe parí, àwọn ọkùnrin méjì tó mú ìbọn lọ́wọ́ wọ ọgbà tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Wọ́n gba báàgì, wọ́n gba fóònù, wọ́n gba ọkọ̀ lọ́wọ́ obìnrin kan tí ọmọ rẹ̀ ṣì wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn. Wọ́n jẹ́ kó gbé ọmọ náà jáde kí wọ́n tó wa ọkọ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni kò kú. Dádì Àgbà ní ìwé àṣẹ ìbọn, ó sì ní ìbọn, ṣùgbọ́n ilé ni ìbọn náà wà. Òfin ìpínlẹ̀ wọn sọ pé kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ mú ìbọn wọ ọgbà ilé ìsìn kankan, láti ẹnu géètì dé orí pẹpẹ, bí ìjọ fúnra rẹ̀ tilẹ̀ fọwọ́ sí i.

Nígbà tó ń sọ ọ́ fún màmá mi lórí fóònù, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. “Agogo àdúrà ni mo mú lọ́wọ́, àbúrò mi,” ó ní. “Agogo.”

Kò pẹ́ tí ó fi dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ kan tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn oníbọn. Àbádòfin kan wà níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ náà, tí yóò jẹ́ kí ìjọ kọ̀ọ̀kan pinnu fúnra rẹ̀ bóyá ẹni tó ní ìwé àṣẹ lè gbé ìbọn wá. Ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó kan ní láti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ará ìlú. Ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá pé, ohun kan yóò dún, wọn yóò sì pe ẹni tó kàn.

Dádì Àgbà lọ. Ó jókòó. Ó kí alága, ó kí àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ láti ọwọ́ òsì dé ọwọ́ ọ̀tún, ó kí wọn kú iṣẹ́ ìlú, ó béèrè àlàáfíà ìdílé wọn. Ó bá ọ̀kan nínú wọn kẹ́dùn ìyá rẹ̀ tó kú, nítorí ó ti kà nípa rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí gbogbo wọn jí ire. Ó wá ní, “Ohun tó gbé mi wá síbí ni pé,” nǹkan náà sì dún. Alága dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó pe ẹlòmíràn.

Ìgbìmọ̀ náà kò dìbò lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n sún un síwájú, wọ́n ní àwọn yóò tún gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ṣùgbọ́n fídíò rẹ̀ wà lórí ìkànnì wọn, ẹnìkan nínú ìjọ sì pín in káàkiri pẹ̀lú ẹ̀rín. Màmá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní láti kékeré ni ẹ̀gbọ́n òun ti jẹ́ ẹni tí kì í ba nǹkan jẹ́ níwájú ènìyàn, àti pé ìtìjú náà ti ń jẹ ẹ́ débi tí kò dúró lẹ́nu ọ̀nà ìjọ mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wá mi wá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yunifásítì ni, òfin àti ìṣèlú ni mo kà, mo sì ń ta aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kan nínú ilé ìtajà Vicarage Field ní Barking bí mo ṣe ń wá iṣẹ́ mìíràn. Dádì Àgbà pè mí, ó pè mí ní Lọ́yà. Mo ní mi ò tíì di lọ́yà o, sà, ohun tó kù fún mi pọ̀.

“Lọ́yà tí kò tíì gba ẹjọ́ rí,” ó ní, “kò yẹ kó máa ṣe yàngà sí oníbàárà àkọ́kọ́.”

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi kò balẹ̀. Mo ń rò ó pé bí mo bá ràn án lọ́wọ́, tí òfin náà wọlé, tí nǹkan burúkú wá ṣẹlẹ̀ nínú ìjọ kan ńkọ́? Mo sọ èyí fún màmá mi nínú ilé ìdáná. Mo ṣàlàyé fún un lọ́nà tó gùn gan-an, bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó ń fọ àwo lọ, ó sì jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wá bi mí pé ṣé ìbọn ni ẹ̀gbọ́n òun ní kí n ra fún un ni, tàbí ó ní kí n bá a to ọ̀rọ̀.

Mo pe Dádì Àgbà padà, mo sọ òtítọ́ fún un pé èmi kò fẹ́ kí ìbọn wọ ilé ìsìn kankan.

“Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ó ní. “Àwọn tó gbà pẹ̀lú mi níbí, wọ́n kàn ń pàtẹ́wọ́ ni. Ìwọ ni wàá rí ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti ń jò.”

Mo kọ ọ̀rọ̀ kan fún un. Ó dára lójú mi nígbà náà: ó mẹ́nu kan ìwé òfin àgbà ilẹ̀ wọn, ó ṣàlàyé abala tí àbádòfin náà fẹ́ yí padà, kò sì sí ìkíni kankan nínú rẹ̀. Dádì Àgbà kà á sókè fún mi lórí fídíò. Ó dà bí ẹni tó ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò oògùn. Mo ní kó gbé e sílẹ̀, kó sọ ọ́ látọkàn wá. Ìyẹn náà burú, nítorí gbogbo ìgbà tó bá la ẹnu, ìkíni ló ń jáde. Nígbà tí mo bá dá a dúró, ahọ́n rẹ̀ á wúwo, kò ní rí ohun kankan sọ mọ́. Ó bi mí, kì í ṣe pẹ̀lú ìbínú, pé báwo lòun ṣe máa jókòó níwájú àwọn tí òun kò tíì kí, kí òun kàn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè nǹkan lọ́wọ́ wọn. Inú mi bàjẹ́, torí mo mọ̀ pé àléébù kọ́ ni, ìwà rẹ̀ tó dára jù lọ ni, òun náà ló sì fẹ́ kó bá a.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo pẹ́ dé ìjọ tiwa ní Barking. Bí mo ṣe ń bọ́ bàtà, olùṣọ́ ilẹ̀kùn wa kí mi, ó béèrè màmá mi, ó béèrè iṣẹ́ tí mò ń wá. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kó wá ṣe ìkéde. Ó bọ́ síwájú, ó sì wọnú ọ̀rọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: ọjọ́ báyìí ni ìpàdé, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má gbé ọkọ̀ dí ẹnu ọ̀nà aládùúgbò. Kò kí ẹnikẹ́ni. Kí ló tún fẹ́ kí? Ó ti kí gbogbo wa tán lẹ́nu ọ̀nà.

Mi ò lè sọ bí inú mi ṣe dùn tó. Bí ìsìn ṣe parí, mi ò tíì wọ bàtà tán tí mo ti pe Amẹ́ríkà. Mo ní, “Dádì Àgbà, iṣẹ́ yín ni kí ẹ ṣe. Ẹ tètè dé, kí ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìgbìmọ̀, kí ẹ kí wọn bí wọ́n ṣe ń wọlé. Tí ẹ bá fi máa jókòó, ẹ ti kí wọn tán.”

Ó bi mí bóyá wọ́n ń gbà bẹ́ẹ̀. Mo ti kà á lórí ìkànnì wọn pé gbogbo ènìyàn ló láǹfààní láti wọ ilé náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì wà fún ará ìlú. Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti pín fídíò yẹn.

Mo wá ń sọ fún un nípa olùṣọ́ ilẹ̀kùn wa àti bàtà tó yí i ká. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni tàwọn, ibẹ̀ náà sì ni ìbọn òun máa dúró sí tí wọ́n bá gbà, nítorí kò sí bí òun ṣe máa mú un kọjá ibi tí bàtà kò gbọ́dọ̀ kọjá. Mo ní kó tún un sọ. Gbogbo ìgbà tí a ti ń sọ̀rọ̀ yìí, mo rò pé ó fẹ́ gbé ìbọn jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ ni, láàárín àwọn ọmọdé. Kò sọ ọ́ rí, torí lójú rẹ̀ kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa béèrè irú rẹ̀. Mi ò yí èrò mi nípa ìbọn padà, ṣùgbọ́n àyà mi rọ̀. Mo ní kó ju ohun tí mo kọ nù, kó sì ju ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ àwọn oníbọn kọ ránṣẹ́ sí i nù pẹ̀lú.

Ní ọjọ́ ìjókòó náà, mo bá ẹnìkan pààrọ̀ iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Òwúrọ̀ ni lọ́dọ̀ wọn, ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wa. Màmá mi ti ibi iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó dé, kò bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó jókòó tì mí níwájú kọ̀ǹpútà. Kámẹ́rà wọn kò dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, a kò sì mọ̀ bóyá ó wà lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ń wọlé. Ọ̀kan nínú wọn, bàbá arúgbó kan, ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì bojú wẹ̀yìn kó tó jókòó. Màmá mi fọwọ́ kàn mí lápá.

Obìnrin kan kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lòdì sí àbádòfin náà. Ó sáré wọlé ni nígbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ìbọn ló pa ọmọ rẹ̀ nílé ọ̀rẹ́ ọmọ náà. Mo sunkún, màmá mi náà sunkún, mi ò sì rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé ohun tó sọ. Ọ̀dọ́kùnrin kan láti inú ẹgbẹ́ àwọn oníbọn tẹ̀ lé e, ó pariwo ẹ̀tọ́, ẹ̀tọ́, ẹ̀tọ́ títí àkókò rẹ̀ fi tán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe Dádì Àgbà.

Ó jókòó, ó sì wo ojú wọn. Mo rí i tí ẹnu rẹ̀ ń múra ìkíni. Màmá mi di ọwọ́ mi mú.

“Mo ti kí yín lẹ́nu ọ̀nà,” ó ní lédè Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ẹ́jẹ́. Ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó sọ nípa ọgbà náà, ọmọ tó wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn, àti agogo. Ó wá ní: “Ní ìjọ tiwa, a kì í wọ bàtà wọlé. Èmi ni mo ń ṣọ́ àwọn bàtà náà, èmi ni mo sì ń ṣọ́ àwọn tó ni wọ́n. Ibi tí bàtà bá dúró sí ni ìbọn mi máa dúró sí. Mi ò ní kí ẹ kó ìbọn lé ìjọ kankan lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí ìjọ kọ̀ọ̀kan sọ ohun tó máa wọ ilẹ̀kùn rẹ̀.”

Obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀ náà, tí kò fara mọ́ àbádòfin yìí láti ọjọ́ àkọ́kọ́, bi í pé bí ìjọ rẹ̀ bá ní rárá ńkọ́.

“Màá fi ìbọn sílé,” ó ní, “màá sì mú agogo mi.”

Obìnrin náà mi orí, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Alága ní Dádì Àgbà ṣì ní àsìkò díẹ̀ tó bá fẹ́ fi kún un. Mo rí ojú rẹ̀ bó ṣe tàn. Ó kí wọn kú iṣẹ́ ìlú, ó ní kí wọ́n bá òun kí àwọn ará ilé wọn. Ohun náà sì dún. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín nínú yàrá náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ẹ̀rín tí wọ́n fi pín fídíò kìíní.

Bó ṣe ń padà sẹ́yìn, ó dúró lọ́dọ̀ obìnrin tí ọmọ rẹ̀ kú, ó tẹrí ba, ó sọ nǹkan tí kámẹ́rà kò gbé. Obìnrin náà gbé ojú sókè, ó sì dì í lọ́wọ́ mú fún ìgbà díẹ̀.

Ìgbìmọ̀ náà dìbò, àbádòfin náà fi ìbò díẹ̀ kọjá sí iwájú gbogbo ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Obìnrin tó bi í ní ìbéèrè dìbò lòdì sí i. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, gbogbo ilé kò tíì dìbò lórí rẹ̀, mi ò sì mọ ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe. Mo mọ ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà. Màmá mi dìde, ó sì lọ bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó ń kọrin ìjọ nínú yàrá rẹ̀.

Dádì Àgbà pè wá láti inú ọkọ̀ rẹ̀. Mo bi í ohun tó sọ fún obìnrin yẹn.

“Ó pẹ́ dé,” ó ní. “Mi ò tíì kí i.” Ó wá bi mí pé, “Lọ́yà, ọ̀rọ̀ mi ńkọ́, ó jò?”

Mo ní, “Kò jò, sà.”