Ọjọ́ Tí Mọ́tò Bàbá Kò Dún Mọ́

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé àdúrà ogójì ọjọ́ Bàbá mi ni ọjọ́ tí kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé.

Mọ́tò tí Bàbá fi sílẹ̀ ti gbó. Rọ́túlù, ìyẹn irin tó di ẹsẹ̀ táyà iwájú mú, ti gbó tán, ó sì máa ń dún kò, kò, kò nínú gbogbo kòtò àdúgbò Banikanni. Mo ra tuntun ní ọjà Arzèkè, mo sì fi jáàkì gbé mọ́tò náà sókè nínú àgbàlá wa.

Màmá jáde sí mi. "Ràímì, jẹ́ kó máa dún bẹ́ẹ̀."

"Màmá, táyà lè yọ lójú ọ̀nà! Ṣé ẹ fẹ́ sin èmi náà ni?"

Mo fi òòlù lu irin náà títí ó fi já bọ́.

Nígbà tí mo fi tuntun sí i tán, mo wa mọ́tò náà yí àdúgbò Albarika ká. Kò dún rárá. Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi padà. Màmá jókòó sórí àpótí, wọ́n kọ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, garawa òfìfo wà lẹ́sẹ̀ wọn. Wọn kò mọ̀ pé mo ti dé títí mo fi kí wọn.

"Tí mo bá ti gbọ́ ìró yẹn," wọ́n ní, "ni mo máa ń bu omi ìwẹ̀ fún bàbá rẹ."

Mo mú rọ́túlù àtijọ́ náà nílẹ̀, mo nu gíríìsì ara rẹ̀, mo gbé e lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n gbé e sétí, wọ́n mì ín. Ó dún kò, kò.

Màmá dìde, wọ́n bu omi kún garawa, wọ́n sì gbé e lọ sí balùwẹ̀.