Bí Mo Ṣe Di Kòkòrò Sídà ní Banigbé

Aṣọ mẹ́rin aláwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo wọ̀ lé ara wọn lọ́jọ́ náà, oòrùn Banigbé sì ń mú bí ẹni pé mo ṣẹ̀ ẹ́. Alùpùpù ni mo fi ń gbé èrò ní ìlú Igolo nítòsí ibẹ̀ nígbà náà. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló bẹ̀ mí pé kí n ṣe kòkòrò sídà, ìyẹn kòkòrò éèdì, nínú eré tí òun fẹ́ fi kọ́ àwọn àgbẹ̀. Mo rò pé ẹwà mi ló rí. Òun nìkan ló mọ̀ pé kòkòrò ọ̀hún wà lára mi lóòótọ́. N kò sì sọ fún un pé mo ti pa oògùn tì, nítorí ara mi le koko.

Ìyá mẹ́fà gbé ìgbálẹ̀, wọ́n di ọmọ ogun inú ara tó ń lé àìsàn. "Ẹ mú aláṣọ pupa!" ni nọ́ọ̀sì pariwo. Mo bọ́ pupa, búlúù yọ. Wọ́n ṣì ń wá pupa kiri. Kí wọ́n tó mọ búlúù, mo ti di funfun. Nọ́ọ̀sì ní bí kòkòrò náà ṣe ń ṣe nìyẹn: ìkánjú ló fi ń bímọ, ojú ọmọ kì í sì í jọ ti ìyá tán, kí ọmọ ogun tó dá èyí mọ̀, òmíràn ti dé. Mo tún gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ìyá kan, mo bá wọn ń wá ara mi. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n.

Bàbá àgbẹ̀ kan ló wá ṣe oògùn nínú eré náà. Ó dì mí mú pinpin. N kò lè pààrọ̀ aṣọ mọ́, àwọn ìyá sì fi ìgbálẹ̀ nà mí dáadáa. Nọ́ọ̀sì ní kí bàbá sinmi díẹ̀, bí ẹni tó dá oògùn dúró. Mo sá, mo bọ́ ìkẹta, mo bọ́ ìkẹrin, mo gbàgbé pé kò sí ìkarùn-ún. Ó ku èmi àti ṣòkòtò péńpé tó ti ya nídìí. Bàbá tún gbá mi mú, ṣùgbọ́n mo ti làágùn, mo yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹja àrọ̀.

"Vwalà! Ẹ wò ó!" ni nọ́ọ̀sì wí. "Ó ti mọ ọwọ́ bàbá. Ẹ lo oògùn lónìí, ẹ fi sílẹ̀ lọ́la, kòkòrò á kọ́ bí wọ́n ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tèmi dá. Mo tọ nọ́ọ̀sì lọ sí ẹ̀yìn ilé, pẹ̀lú ṣòkòtò yíya lára.

"Ìyá, ó ti tó oṣù kan tí n kò lo oògùn."

"Mo mọ̀. O ò wá gbà á. Ta lo rò pé mo gbé eré kalẹ̀ fún?" Ó ju aṣọ kan sí mi. "Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, ká sọ fún un. Wọṣọ."

Láti ọjọ́ yẹn, n kò fo oògùn mọ́. Ní báyìí, wọ́n ní kòkòrò náà kéré débi pé ẹ̀rọ kò rí i nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Ó fara pamọ́ síbì kan, ó ń sùn. Nígbà mìíràn tí mo bá ń fọ alùpùpù mi, mo máa ń ronú pé ọ̀dọ́kùnrin tí mo jẹ́ nígbà yẹn ì bá kú tayọ̀tayọ̀, ká ní ẹnì kankan ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lákòókò.